Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ Nínú Agbọ̀n Aṣọ Funfun

Bí ènìyàn bá gba ẹ̀gbẹ́ ilé Ìyá Mọ́tótó kọjá láàárọ̀, òórùn ọṣẹ ni yóò kọ́kọ́ kí i, kí ènìyàn tó kí i. Alágbàfọ̀ ni obìnrin náà. Iṣẹ́ yìí ló fi kọ́lé, òun náà ló fi tọ́mọ. Àgbàlá rẹ̀ fẹ̀, okùn ìsáṣọ gba inú rẹ̀ kọjá láti ògiri dé ògiri, ìdí ààrò sì wà ní ìkangun, níbi tó ti ń se aṣọ funfun nínú dírọ́ọ̀mù kí ìdọ̀tí tó ti wọ̀ ọ́ lára lè tú.

Orúkọ tí àdúgbò sọ ọ́ yìí bá a mu. Ìyá Mọ́tótó kò lè rí ìdọ̀tí kó mú un mọ́ra. Bí àlejò bá jókòó tó sì dìde, yóò nu àga. Bí ewé kan bá já bọ́, ìgbálẹ̀ ti dé ọwọ́ rẹ̀ kí ewé náà tó sinmi. Ọkọ rẹ̀, tó máa ń lọ aṣọ nínú yàrá iwájú, a máa sọ pé lọ́jọ́ tí ikú bá dé, ìyàwó òun á ní kó kọ́kọ́ nu ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Igi ńlá kan wà lẹ́bàá ògiri àgbàlá náà. Òun nìkan ni ọ̀tá tí obìnrin yìí ní láyé. Igi náà ń fún wọn ní ibòòji lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ẹ̀ka rẹ̀ kan nà jáde sórí okùn ìsáṣọ, ó ń da ewé àti oje sórí ohun tí wọ́n bá sá síbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, aṣọ ibùsùn ilé ìgbẹ̀bí kan ló wà nílẹ̀, funfun báláú. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kó o lọ, torí aboyún kankan ò lè sọ fún ọmọ inú rẹ̀ pé kó ní sùúrù, aṣọ ò tíì gbẹ. Ìyá Mọ́tótó sá èyí àkọ́kọ́. Kò tíì yíjú padà tí oje igi fi kán tó sí i lára, pupa bíi ti ìpẹtà.

"Bàbá ọmọ mi!" ó kígbe. "Ẹ gbé àdá wá. Èmi àti igi yìí, ọ̀kan á fi ibí sílẹ̀ fún èkejì lónìí."

"Èwo nínú yín ni kí n gé?" ọkọ rẹ̀ béèrè láti inú yàrá.

"Ẹ má bá mi ṣàwàdà. Ẹ̀ka yẹn ni."

Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ń rán bọ́tìnì tó já padà sára ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn nínú òwò náà, iṣẹ́ ẹnu sì ni ìkejì. "Gé e tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀ o," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Bàbá gbé àkàsọ̀ ti igi, ó gùn ún, ó sì gé ẹ̀ka náà. Kò wo òkè, kò wo ẹ̀gbẹ́. Ibi tí àdá yóò bà nìkan ló ń wò. Ẹ̀ka náà ya, ó wó lulẹ̀. Ohun kan bíi bọ́ọ̀lù ńlá tí wọ́n fi ewé gbígbẹ àti èèpo igi hun bá a já bọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì fọ́. Nǹkan kékeré kan ta kúrò nínú rẹ̀, ó bọ́ sínú agbọ̀n aṣọ funfun.

"Èkúté!" Ìyá Mọ́tótó fò sẹ́yìn. "Èkúté ti wọ inú aṣọ àwọn olómọ!"

Màmá dìde, ó bẹ inú agbọ̀n náà wò. "Èkúté wo? Lóòótọ́, ojú mi ò ríran tó ti àná, ṣùgbọ́n kò tíì burú tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ nìyí. Ìwọ wo ìrù rẹ̀."

"Ìrù wo, Màmá? Èyí tó dà bí okùn bàtà yìí?"

"Ìrù a máa dàgbà, ìyàwó mi. Ìwọ náà kọ́ lo gbé irun orí yẹn wáyé."

Ohun kékeré náà ò ju ìka ọwọ́ àgbàlagbà lọ púpọ̀. Ojú rẹ̀ ò tíì là. Irun ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni, ó tẹ́ mọ́ ọn lára bí ìgbà tí wọ́n fi ẹ̀fun díẹ̀ pa á. Ó la ẹnu, ó ké fín-ín. Àánú rẹ̀ mú Ìyá Mọ́tótó débi pé ó gbàgbé aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ lásán gbé e.

Ìgbà tó gbé e tán ló wá rí i pé iyẹ̀pẹ̀ wà lára rẹ̀, oje igi sì ti lẹ̀ mọ́ ọn nínú irun.

Àánú tiẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n àánú Ìyá Mọ́tótó, inú omi ọṣẹ ló máa ń gbà jáde. Ó bu omi sínú abọ́ kékeré kan, ó tú ọṣẹ sí i, ó sì wẹ ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ náà bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ó ṣan án. Ó tún un ṣan. Ó fi aṣọ ìnura wé e, ó gbé e lé Màmá lọ́wọ́.

"Ó ti mọ́ báyìí," ló wí, inú rẹ̀ sì dùn.

Ó wá yíjú sí ilẹ̀. Ewé àti ègé igi ti gba gbogbo àgbàlá. Ó gbá a jọ kíákíá, èyí tó tutù àti èyí tó gbẹ, àti ohun ribiti tó bá ẹ̀ka já bọ́ yẹn pẹ̀lú. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ààrò lábẹ́ dírọ́ọ̀mù. Kò sí ohun tó ń ṣòfò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìdọ̀tí òwúrọ̀ ni yóò fi dáná tí yóò fi se aṣọ ọ̀sán.

Nígbà tó fi padà dé ọ̀dọ̀ Màmá, ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ náà ti ń gbọ̀n. Kò ké mọ́. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, ohùn ò jáde.

"Ebi ni," Màmá sọ. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Gbé mílíìkì wá, kí o mú ṣíbí kékeré dání."

Ìyá Mọ́tótó gbé mílíìkì wá. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ látorí àkàsọ̀, ó dúró tì wọ́n. Màmá fi ọwọ́ kan la ẹnu ẹran náà, ó sì gbé ṣíbí lọ síbẹ̀.

"Màmá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọwọ́ yẹn dúró!"

Ohùn náà ti ẹnu ọ̀nà wá. Obìnrin kan ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù aṣọ lábíyá. Dókítà Ẹran ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ilé ìwòsàn àwọn ẹran ló ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló máa ń kó aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wá fún Ìyá Mọ́tótó, àbàwọ́n tó sì máa ń wà lára aṣọ náà, Ìyá Mọ́tótó kì í béèrè ibi tó ti wá.

"Kí ló dé, ọmọ mi?" Màmá béèrè. "Ṣé mílíìkì ti di májèlé ni?"

"Fún ẹ̀yin kọ́, Màmá. Fún un ni." Dókítà gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. "Mílíìkì màlúù, ọmọ màlúù ló wà fún. Inú ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ ò gbà á. Á ya ìgbẹ́ gbuuru, omi ara rẹ̀ á sì tán. Bí ẹ bá tún fi ṣíbí dà á sí i lẹ́nu báyìí, ẹ̀dọ̀fóró ló máa wọ̀."

"Gbogbo ọmọ tí mo bí, ṣíbí ni mo fi bọ́ wọn. Wo ọ̀kan níbi tó dúró sí yẹn, tó fi àdá kọ́ apá."

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹ ò bí ọ̀kẹ́rẹ́."

Màmá rẹ́rìn-ín, ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Dókítà fa aṣọ mímọ́ kan wé ọwọ́, ó sì gba ẹran náà. Ó gbé e súnmọ́ etí, ó gbé e súnmọ́ imú. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Kí ló dé tí ara rẹ̀ tutù báyìí? Kí ló sì dé tó ń rùn bí ọṣẹ?"

Bàbá húkọ́.

"Ìyàwó mi ló wẹ̀ ẹ́," ló wí.

"Ẹ wẹ̀ ẹ́?"

"Ó dọ̀tí ni," Ìyá Mọ́tótó dáhùn. "Mi ò lè gba àlejò sílé kó wà báyẹn."

"Ṣé ẹ ò fi sítáàṣì sí i?"

"Ó kù díẹ̀," Bàbá sọ.

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò dúró. Ó ń fi aṣọ gbígbẹ nu ẹran náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Ẹ má bínú, ìyá mi. Mo mọ̀ pé inúure lẹ fi ṣe é. Ṣùgbọ́n irú èyí ò tíì lè mú ara rẹ̀ gbóná fúnra rẹ̀. Ara ìyá rẹ̀ àti ìtẹ́ tí wọ́n ń sùn sí ni aṣọ òtútù rẹ̀. Omi tó ti wọ̀ ọ́ lára yìí lè pa á kí ebi tó pa á. Ohun tó nílò báyìí ni ooru. Bí ara rẹ̀ bá tutù, oúnjẹ kankan ò lè dà nínú rẹ̀."

Ìyá Mọ́tótó gbé ọwọ́ sókè. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀. "Ṣé ó máa kú ni, Dókítà?"

"Bí a bá tètè ṣe é, kò ní kú."

"Ṣé kí n gbé e súnmọ́ áyọ́ọ̀nù?" Bàbá béèrè. "Ó ṣì gbóná."

"Ó tì o! A fẹ́ kó móoru, a ò fẹ́ kó yan. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú ìgò, ká fi aṣọ wé ìgò náà, ká gbé e tì í. Bí ẹ bá fi ìgò náà kan ọrùn ọwọ́ yín, tí ó dùn mọ́ yín, á dùn mọ́ òun náà."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ dáná sí omi," Bàbá wí, ó sì ti gba ọ̀nà ìdí ààrò lọ.

Màmá ò tíì tẹ́rùn. "Bó bá yá, ta ni yóò tọ́ ọ? Mo gbọ́ pé bí ọwọ́ ènìyàn bá ti lè kan ọmọ ẹran ìgbẹ́, ìyá rẹ̀ ò ní gbà á mọ́."

"Wọ́n kàn ń sọ bẹ́ẹ̀ káàkiri ni, Màmá. Ìyá ọ̀kẹ́rẹ́ kì í torí òórùn ọwọ́ wa kọ ọmọ rẹ̀. Ó sábà máa ń ní ìtẹ́ mìíràn níbòmíì. Bí a bá gbé ọmọ náà sítòsí igi, tí ara rẹ̀ móoru, tí a sì kúrò níbẹ̀, ìyá rẹ̀ á fẹnu gbé e lọ. Ó ṣeé ṣe kó ti wà lórí òrùlé yín níbẹ̀ báyìí, tó ń wò wá." Dókítà wo yíká àgbàlá. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní. "Ṣé òun nìkan ló já bọ́?"

"Òun nìkan la rí."

"Ọ̀kẹ́rẹ́ kì í sábà bí ẹyọ kan. Ìtẹ́ náà ńkọ́? Ohun ribiti kan, ewé gbígbẹ, èèpo igi. Níbo ló wà?"

Ìyá Mọ́tótó wo ilẹ̀ tó gbá. Ó rí ìgbálẹ̀ rẹ̀ lójú ọkàn, ó rí ohun ribiti náà bó ṣe ń yí lọ níwájú rẹ̀, ó sì rí ibi tó yí lọ. Láti ẹ̀yìn, wọ́n gbọ́ bí ìṣáná ṣe ń ró nínú páálí rẹ̀, tí Bàbá ń mú ẹyọ kan jáde.

Ìyá Mọ́tótó sáré. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rí i kó sáré. Ó gba abẹ́ aṣọ tó wà lórí okùn kọjá, ó fi ejìká gbá ọ̀kan bọ́ sílẹ̀, kò sì wo ẹ̀yìn.

"Ẹ má ṣáná! Ẹ má ṣáná! Bàbá ọmọ mi, ẹ pa á!"

Ìṣáná ti ràn. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sẹ́nu ààrò pẹ̀lú iná lọ́wọ́, ó gbójú sókè, ó ń wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹ̀fúùfù tó ń bọ̀. Iná jó o níka, ó ju ìṣáná sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ pa.

"Kí ló dé? Ṣé iná náà dọ̀tí ni?"

Ìyàwó rẹ̀ ti dé ẹnu ààrò. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà, nínú eérú, ó ń fa ewé jáde. Dókítà sáré bá a. "Ẹ rọra, ìyá mi. Ẹ jẹ́ kí n fi aṣọ mú un." Wọ́n yọ ẹ̀ka tútù kúrò, wọ́n yọ ewé, wọ́n sì kan ìtẹ́ náà. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ti fọ́. Dókítà fi ìka méjì ṣí i.

Ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ kejì wà níbẹ̀, ó ká kò, ó ti ìrù rẹ̀ bọ abẹ́ àgbọ̀n. Ó ń sùn.

Dókítà fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. "Ó móoru," ló wí jẹ́jẹ́. "Ara rẹ̀ gbẹ, nǹkan kan ò sì ṣe é."

Ìyẹn ni pé èyí tí ẹnikẹ́ni ò ràn lọ́wọ́ ni ara rẹ̀ le jù.

Ìyá Mọ́tótó jókòó sílẹ̀, sórí ilẹ̀ gan-an, nínú eérú. Ọjọ́ kan ló wá sí i lọ́kàn, láyé àtijọ́, tí ìjì ṣí òrùlé ilé tí wọ́n yá, tó gbé ọmọ rẹ̀ àkọ́bí pọ̀n, tí omi òjò ń gba ọrùn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn, tó ń wá ibi gbígbẹ kan tí ọmọ náà lè sùn sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sọ pé pẹ̀lẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣí ilẹ̀kùn, tó tọ́ka sí ìkangun yàrá, tí kò sì bi í ní ìbéèrè kankan.

"Omi gbígbóná yín wá ńkọ́?" Bàbá béèrè. "Ṣé mi ò ní dáná mọ́ ni?"

"Fúláásìkì mi kún fún omi gbígbóná lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì látàárọ̀," Màmá ké láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ ń sáré kiri, ẹ ò bi mí."

Wọ́n po omi fúláásìkì mọ́ omi tútù nínú ìgò, wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n sì gbé ọmọ tí wọ́n wẹ̀ náà tì í. Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi dáwọ́ gbígbọ̀n dúró. Nígbà tó ké fín-ín lẹ́ẹ̀kan sí i, Ìyá Mọ́tótó pàtẹ́wọ́ bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn.

"Ó yá," Dókítà wí. "A nílò agbọ̀n tó gbẹ, tí orí rẹ̀ ṣí. Agbọ̀n funfun yẹn dára."

"Agbọ̀n tí mo fi ń kó aṣọ ilé ìgbẹ̀bí?"

"Òun ni. Ká kó ewé ìtẹ́ wọn padà sí i."

"Ìdọ̀tí yẹn? Nínú agbọ̀n mi?"

"Lójú tiyín, ìdọ̀tí ni. Ibùsùn wọn ni."

Ìyá Mọ́tótó wo agbọ̀n, ó wo ewé. Ó mí kanlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ewé náà sí i. Dókítà tẹ́ ọmọ méjèèjì sáàárín, pẹ̀lú ìgò tí wọ́n fi aṣọ wé lábẹ́ wọn. Bàbá fi okùn ìsáṣọ so agbọ̀n náà mọ́ ara igi, ó gbé e ga kí ológbò aládùúgbò má baà dé ibẹ̀.

"Ẹ fọ ọwọ́ yín báyìí, gbogbo wa," Dókítà sọ. "Ọṣẹ àti omi, dáadáa."

"Èmi?" Ìyá Mọ́tótó ní. "Ọwọ́ tó ti wà nínú ọṣẹ látàárọ̀ yìí?"

"Ẹ tún un fọ̀. Ọjọ́ mìíràn, ẹ má fi ọwọ́ lásán mú ẹran ìgbẹ́. Ó lè gé ènìyàn jẹ, ó sì lè ní àrùn lára tí a ò rí. Ó ku ọ̀kan, òun ló sì máa le jù fún yín. Kí ẹnikẹ́ni má wọ àgbàlá yìí títí ìyá wọn á fi dé. Kò sí èéfín, kò sí ariwo." Ó wo Ìyá Mọ́tótó. "Kò sí ìgbálẹ̀."

"Aṣọ àwọn olómọ ńkọ́? Díẹ̀ ṣì wà tí mi ò tíì sè."

Ìyá Mọ́tótó fúnra rẹ̀ ló mú fóònù, tó pe agbẹ̀bí.

"Ẹ jọ̀wọ́, mà. Èyí tí mo ti fọ̀ á dé nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ìyókù di òwúrọ̀ ọ̀la."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" agbẹ̀bí béèrè.

"Abiyamọ kan ló fẹ́ kó àwọn ọmọ rẹ̀ nínú àgbàlá wa. A ò fẹ́ dí i lọ́wọ́."

Agbẹ̀bí gbà bẹ́ẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó kó wọn tán," ló wí. "Èyí tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa á gbé wa di ọ̀la."

Wọ́n kó aṣọ tútù wọlé. Wọ́n sá a sórí àga, sórí ilẹ̀kùn, sórí okùn tí Bàbá ta kọjá nínú ọ̀ọ̀dẹ̀. Bàbá ń fi áyọ́ọ̀nù gbẹ èyí tó kù, ooru aṣọ gba gbogbo yàrá. Àwọn obìnrin mẹ́ta dúró sójú fèrèsé, wọ́n ń wo igi.

Ewé kan já bọ́ sí àárín àgbàlá. Èkejì tẹ̀ lé e. Ọwọ́ Ìyá Mọ́tótó ń yún un. Ó wo igun tí ìgbálẹ̀ máa ń wà, kò rí i níbẹ̀.

"Ẹ̀yin, ta ló gbé ìgbálẹ̀ mi?"

"Mo jókòó lé e," Màmá dáhùn. "Mi ò sì ní dìde."

"Ẹ wò ó," Dókítà sọ, ó fi ìka lé ẹnu.

Ìyá ọ̀kẹ́rẹ́ ti wà lórí ògiri. Ìrù rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ó sá lọ, ó sá bọ̀, ó gbé orí sókè sí ibi tí ẹ̀ka rẹ̀ wà láàárọ̀, ibẹ̀ ò ní nǹkan kan mọ́. Ó dúró. Fín-ín kan ti inú agbọ̀n jáde. Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were. Ó fò sórí igi, ó gba ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní ìdojúdé, ó bọ́ sínú agbọ̀n funfun náà.

Ó fẹnu gbé ọmọ tí wọ́n bá nínú ìtẹ́, ó gba orí òrùlé lọ sí igi tó wà ní òdìkejì òpópónà. Ó pẹ́ kó tó padà. Ó pẹ́ débi pé Ìyá Mọ́tótó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀: "Èyí tó kù yẹn ni mo wẹ̀. Ó kọ̀ ọ́. Torí ọṣẹ mi ló ṣe kọ̀ ọ́."

Ó padà dé. Ó wọ inú agbọ̀n, ó gbóòórùn ọmọ kejì. Ó fà sẹ́yìn, ó sín. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ méjèèjì mú un, ó yí i lójú, ó yí i lẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ahọ́n lá a láti orí dé ìrù, láì kánjú rárá.

Màmá rẹ́rìn-ín lábẹ́ ètè. "Wò ó, ìyàwó mi. Ó ń tún un wẹ̀. Ó ní kò mọ́ tó!"

Ìyá Mọ́tótó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ìyá ọ̀kẹ́rẹ́ wẹ ọmọ rẹ̀ tán, ó fẹnu gbé e, ó sì gba orí òrùlé lọ. Àgbàlá dákẹ́ rọ́rọ́. Ewé mélòó kan wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbá a títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Mọ́tótó ti máa ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún gbogbo oníbàárà tó bá kó aṣọ wá, àwa náà sì ń sọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Kí ẹ tó gé ẹ̀ka igi, ẹ wo òkè rẹ̀ dáadáa. Bí ìtẹ́ bá wà níbẹ̀, ẹ fi àdá sílẹ̀ títí àwọn ọmọ tó wà nínú rẹ̀ á fi dàgbà. Ewé tí ẹ bá gbá jọ, ẹ tú u wò kí ẹ tó dáná sí i.

Bí ẹ bá rí ọmọ ẹran ìgbẹ́ nílẹ̀, ẹ má wẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fún un ní mílíìkì, omi tàbí oúnjẹ kankan. Ẹ má fi ọwọ́ lásán mú un. Bí ara rẹ̀ bá tutù, ẹ fi ìgò omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí a fi aṣọ wé tì í, ẹ gbé e sínú agbọ̀n tàbí páálí tó ṣí lórí, nítòsí ibi tí ẹ ti rí i gan-an, kí ẹ sì lé ajá àti ológbò jìnnà. Bí ó bá fara pa, tàbí tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú tí ìyá rẹ̀ kò dé, ẹ pe dókítà ẹran tàbí àwọn tó ń dáàbò bo ẹranko ìgbẹ́ ní agbègbè yín. Ẹ má sọ ọ́ di ohun ìṣeré ọmọdé, nítorí kò sí bí a ṣe lè tọ́ ọ tó máa tó ti ìyá rẹ̀.

Bí ẹran ìgbẹ́ èyíkéyìí bá gé yín jẹ tàbí tó ya yín ní èékánná, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, bó ti wù kí egbò náà kéré tó.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, ẹ kúrò níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìyá rẹ̀ wà lókè ibẹ̀ tó ń wò yín, tó kàn ń retí kí ẹ lọ ni.